Ọ̀bọ Àgbà, Sà

Ẹ̀dá kan wà tí oyè kì í tó, tí ìyìn kì í yó. Bí ẹ bá kí i lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ̀ á ti nà sílẹ̀ de ẹlẹ́ẹ̀kejì. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni Olóyè Gbénró Adésànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀gá tó ń ṣàkóso àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ táńganran ní Orégùn, ní àwọn ọdún tí Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ń gbá aráyé létí, tí àwọn ológun sì ń sọ fún wa pé ìfọ́tí náà ń ṣe ara lóore.

Láàárọ̀, bí ọkọ̀ Olóyè bá ti yọ lẹ́nu géètì, àwọn akọ̀wé á ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Olúṣínà, àgbà akọ̀wé rẹ̀, ni í máa ń dá ìyìn náà sílẹ̀.

"Olóyè ti dé! Òòrùn, rọra máa ràn, ẹni tó jù ọ́ lọ ti wọlé!"

Olóyè á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un sọ. Bí ó bá sín, gbogbo ọ́fíìsì á dìde dúró, wọ́n á ní, "Ẹ ó pẹ́ fún wa o, sà!" Lọ́jọ́ kan tí eruku ọyẹ́ mú un tó ń sín léraléra, iṣẹ́ dúró ní ọ́fíìsì yẹn títí dọ̀sán, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní mo ń purọ́. Ẹ bi àwọn tó dúró.

Kò sí ohun tó wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́ náà tí Olóyè kò kà sí tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ kò tó, ẹ̀rín kan ni. Àwọn tó wà nídìí ìléru, níbi tí wọ́n ti ń fi iná yan abọ́, ni wọ́n máa ń rín in lákòókò ìsinmi. Suara, àgbà wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, á na ọwọ́ sí Wahab, ọ̀dọ́kùnrin tí ooru iná ti pọ́n lójú.

"Ọ̀bọ!"

"Ọ̀bọ bíi tiyín, bàbá!"

Ádámù, ọmọ Kánò tó ń kó èédú, á fi ṣọ́bìrì lu ilẹ̀, á ní, "Ọ̀bọ, ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín títí páànù òrùlé á fẹ́ ṣí. Ṣùgbọ́n bí Olóyè bá ti yọ lọ́nà ọ̀hún, ẹ̀rín á kú. "Ẹ káàsán, sà." Ó tán.

Ó dun Olóyè dé egungun. Ó pe Olúṣínà.

"Kí ló dé tí wọn kì í pe èmi bẹ́ẹ̀?"

Olúṣínà kò ronú rárá. Kì í ronú kó tó pọ́nni. "Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, sà. Ọlá yín ń ta ojú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí orúkọ náà ti wá, nítorí Olóyè ti gbàgbé. Láyé ọjọ́un, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hóbùsìn ni fọ́mánù nídìí ìléru. Kò kọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mọ́ńkì ló ń pe gbogbo wọn, àgbà àti ọ̀dọ́. Gbénró nígbà náà jẹ́ akọ̀wé tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi pẹ́ńsùlù há etí, òun ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ fún Hóbùsìn. Lọ́jọ́ kan ilẹ̀kùn ìléru já, iná sì bo Wàsíù, ọmọkùnrin kan tí òun àti Suara jọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Suara ti ń sáré lọ sínú iná nígbà tí Hóbùsìn pariwo àṣẹ lédè òyìnbó. Gbénró ì bá dákẹ́. Ì bá ní ọ̀gá ní kí wọ́n ṣọ́ra. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó na ọrùn bí àkùkọ, ó sì là á mọ́lẹ̀ ketekete: "Ọ̀gá ní ẹ fi ọ̀bọ yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ kó abọ́ jáde!"

Wọ́n kó abọ́ jáde. Abọ́ yè. Wàsíù kò yè.

Níbi tí wọ́n sin ín sí ní Agége ni Suara ti sọ ọ́, bó ṣe ń gbọn yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́: "Wọ́n ní ọ̀bọ ni wá? Ó dáa. Ọ̀bọ kì í fi ọ̀bọ sílẹ̀ nínú iná." Wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi dá Hóbùsìn padà sílùú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pè ọ́ ní Ọ̀bọ nídìí ìléru ń sọ fún ọ pé bí iná bá mú ọ, òun á wọ inú rẹ̀ wá. Ní ti Gbénró, wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa.

Bí Sáàpù ṣe wá dé, tí náírà ń yọ̀ bí ilá, tí irin tí wọ́n fi ń ṣe abọ́ di ohun àwòyanu, ọ̀gá pátápátá ilé iṣẹ́ náà ní àfi kí wọ́n gé owó oṣù. Òyìnbó ni, Páákà lorúkọ rẹ̀, ẹni tuntun tí ẹ̀rù ohun gbogbo ń bà: omi, ẹ̀fọn àti lọ́yà. Rògbòdìyàn Sáàpù ti bẹ́ káàkiri Èkó nígbà náà, kò sì fẹ́ kí ó bẹ́ ní Orégùn.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi," ni Olóyè wí. "Èèyàn kì í bá ará ilé rẹ̀ jà. Mo máa di ará ilé wọn."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé agbádá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ ibi ìléru lákòókò ìsinmi, ó sì na apá méjèèjì bí ẹni tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà.

"Ẹ̀yin Ọ̀bọ mi! Ọ̀bọ ẹgbẹ́ yín dé o!"

Wahab gbé ṣíbí tó fẹ́ fi sẹ́nu padà sínú abọ́. Suara dìde.

"Ẹ káàsán, sà."

Kí ni ì bá tún dun olóyè jùyẹn lọ? Ó ranṣẹ́ pe mẹ́rin nínú wọn sí ọ́fíìsì rẹ̀, Suara, Wahab, Ádámù àti Ameenat, obìnrin tó ń kun òdòdó sára abọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì náà lè mú ẹja gan.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," Olóyè bẹ̀rẹ̀, "èmi tí mo ti bá ọba jẹun, èmi tí gómìnà ti bọ̀ lọ́wọ́, mo rẹ ara mi sílẹ̀ wá bá yín. Mo fi orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí yín, ẹ kò jẹ́ mi. Kí ni mo ṣe? Àbí mi ò dúdú tó ni?"

"Ẹ dúdú, sà," ni Suara wí.

"Bí mo bá dé Lọ́ńdọ̀nù lónìí, òyìnbó tí kò mọ̀ pé mo joyè kò ní pè mí bẹ́ẹ̀?"

"Ó lè pè yín, sà. Bó bá sì pè yín, ó máa bí àwa náà nínú."

"Ẹ ò rí i! Èmi náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i!"

Suara wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí iná ti jẹ. "Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí tí wọ́n bá pè yín, Olóyè. Tiwa yìí, orí òkú la ti mú un. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹnu ta la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Yorùbá?"

Nǹkan kan fẹ́ rú sókè nínú Olóyè. Ó wo àjà, ó wúkọ́, nǹkan náà sì padà sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Òyìnbó ló sọ ọ́. Èmi kàn túmọ̀ ẹ̀ ni."

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi," Ameenat dá sí i. "Èmi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é rárá, ì báà jẹ́ Olóyè, ì báà jẹ́ Bàbá Suara. Ọmọ mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó lọ ń pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílé kéwú. Ó rò pé orúkọ ìdílé wa ni. Kí ni kí n wá sọ fún un? Pé ìdọ̀tí tí wọ́n dà lé wa lórí, àwa la wá sọ ọ́ di lọ́fínńdà?"

"Háà, Àǹtí Ameenat!" Wahab gbaná jẹ. "Ẹ̀rín kan ṣoṣo tá a ní níbẹ̀ lẹ fẹ́ gbà yẹn o. Èmi ò bá Wàsíù láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Ádámù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Gbogbo yín ń jà nítorí ọ̀bọ. Ta ló ń pe èmi ní màlúù?"

Wahab yíjú sí i.

"Eré ni, Ádámù," ni Wahab wí.

"Hóbùsìn náà sọ pé eré ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá mi bọ̀, ọ̀rọ̀ gidi wọ ọ́fíìsì Olóyè lọ́jọ́ náà, ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì rí àga jókòó sí. Suara ń wo Ádámù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ameenat fi ìborùn nu ojú. Ṣùgbọ́n Olóyè kò gbọ́ ohun kan ju pé ẹnu wọn kò kò. Inú rẹ̀ dùn. Ó fọwọ́ lu tábìlì.

"Ó ti yé mi! Ohun tí àwọn tó ni ín bá ń jà lé lórí, kò sẹ́ni tó ni ín. Ohun tí kò bá sì sẹ́ni tó ni ín nínú ọgbà yìí, ti ilé iṣẹ́ ni!"

Kò pẹ́ tí àṣẹ fi jáde. Máníjà lè pe ẹnikẹ́ni ní Ọ̀bọ nígbà tó bá wù ú. Akọ̀wé lè pe òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń pè é. Òṣìṣẹ́ lè pe òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lákòókò ìsinmi nìkan, kó má sì pariwo. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ pe Olóyè fúnra rẹ̀, "Ọ̀bọ Àgbà, sà" ni kó wí, kó sì tẹrí ba. Ẹni tó bá yọ "sà" kúrò níbẹ̀ ti tàbùkù ọ̀gá.

Olúṣínà ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ọ̀bọ Àgbà, sà! Ọ̀bọ tó gorí igi tí ìyókù kò dé ìdí ẹ̀!" Omi ayọ̀ lé sí Olóyè lójú.

Nídìí ìléru, ẹnikẹ́ni kò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń dìde, wọ́n ń padà sídìí iná. Bí ẹni pé wọ́n tún sin Wàsíù lẹ́ẹ̀kejì. Olóyè gba ibẹ̀ kọjá, ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, ó sì ní, "Ẹ wò bí ìlànà ṣe ń tún nǹkan ṣe."

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan, kọmíṣánnà tí ìjọba ológun fi sídìí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́, ń bọ̀ wá wo bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe nínú Sáàpù. Oorun dá lójú Olóyè. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ipò lọ́dọ̀ àwọn ológun, kódà bí ipò náà bá jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń ka igi ẹ̀bá títì. Ó ṣètò pé kí Páákà kí àwọn òṣìṣẹ́ ní Yorùbá, kó pè wọ́n ní Ọ̀bọ, kí wọ́n hó yèè, kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì lè rí i pé ìfẹ́ wà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, kó sì béèrè pé ta ló ṣe irú iṣẹ́ ìyanu yìí.

Páákà kò fẹ́. "Gbénró, ṣé ó dá ọ lójú? Nílùú wa, bí mo bá pe èèyàn dúdú bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n máa lé mi."

Olóyè fa ara rẹ̀ ga. "Nílùú yín, ẹ kò rẹ́ni tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Èmi nìyí. Lórúkọ gbogbo èèyàn dúdú, ti ilé àti ti ẹ̀yìn odi, mo fún yín láyè."

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Gbogbo èèyàn dúdú! Ọkùnrin tí Àrínọlá ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó yan ọbẹ̀ tó máa jẹ nílé ara rẹ̀.

Olúṣínà ló kọ́ òyìnbó náà ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ó ní kó ṣọ́ ohùn rẹ̀ gidigidi, nítorí bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, ohun tó máa jáde kò ṣeé sọ níwájú ìyá ẹni.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta ìbòrí sábẹ́ igi fúrúùtù ńlá tó wà láàárín ọgbà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì dé pẹ̀lú àwọn sójà rẹ̀. Òkè Ọya ni wọ́n ti bí i, Olóyè sì gbà pé kò gbọ́ Yorùbá kankan. Kò mọ̀ pé Agége ló gbé dàgbà, tó ń jẹ búrẹ́dì ibẹ̀ tó sì ń bá ọmọ ibẹ̀ jà. Olóyè sọ̀rọ̀ títí yìnyín inú àwọn ohun mímu fi yọ́ tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba nítorí òjò, ó dúpẹ́ nítorí òòrùn, ó ní Sáàpù ni ìyá tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní àgbo kíkorò. Lẹ́yìn náà ó ju ojú sí Páákà.

Páákà dìde. Òógùn bò ó. "Ẹ̀yin… Ọ̀bọ… mi! Mo kí yín!"

Ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Ó jáde bó ṣe yẹ kó jáde gan-an, ibẹ̀ sì ni ìyọnu wà. Kò sẹ́ni tó hó. Àwọn ará ìdí ìléru dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ojú wọn sílẹ̀. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹnu wọn kàn pa dé ni. Olúṣínà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi ọwọ́ náà sápò.

Páákà rò pé wọn kò gbọ́. Ó pariwo rẹ̀. "Ẹ̀yin Ọ̀bọ mi!" Wọn kò gbójú sókè. Ìbẹ̀rù mú òyìnbó, ó rántí pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, pé ẹni tó bá ga jù ló ń jẹ́ Àgbà. Ó yíjú sí àlejò rẹ̀, ó tẹrí ba bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Àti ẹ̀yin, Kọ́nẹ́ẹ̀lì… Ọ̀bọ Àgbà, sà!"

Àwọn sójà wo ọ̀gá wọn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló pè mí?" Yorùbá Agége pọ́ńbélé ló fi béèrè.

Olóyè sáré síwájú, agbádá rẹ̀ ń wọ́ ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, sà! Àwa dúdú la ni ín, èmi ni mo fún un láyè! Kò sí àbùkù níbẹ̀. Èmi fúnra mi, orúkọ mi nìyẹn!"

"Ọ̀bọ nìwọ náà?"

Ojú gbogbo ayé wà lára rẹ̀. Ó lè ní rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wá ipò, "bẹ́ẹ̀ ni" ni ahọ́n rẹ̀ mọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ọ̀bọ Àgbà pàápàá, sà!"

Kọ́nẹ́ẹ̀lì tọ́ka sí igi fúrúùtù. "Ọ̀bọ máa ń gungi. Gùn ún, ká rí i."

Olóyè rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Sójà kan yọ bẹ́líìtì. "Oya, climb am!"

Bí Olóyè Gbénró Adésànyà ṣe gungi nìyẹn, pẹ̀lú agbádá, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú ikùn tí oríṣiríṣi àsè ti kọ́. Àwọn akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Olúṣínà ló kọ́kọ́ rín in, òun náà ló sì fọwọ́ lu itan. Olóyè dé ibi tí ẹ̀ka ti pín, ó dì í mú, ó sì wo ìsàlẹ̀. Ó ń retí pé àwọn ará ìdí ìléru ni wọ́n máa rín in jù. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Suara ti kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti rí èèyàn dúdú tí wọ́n sọ di ọ̀bọ rí, kò sì wù ú láti tún wò ó. Ìyẹn dun Olóyè ju ẹ̀rín lọ, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì bínú lọ. Páákà sá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn akọ̀wé fọ́n ká. Olóyè fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, agbádá ti há, ẹsẹ̀ kò sì rí ibi tẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ìwọ… ìwọ yẹn, ìwọ tó o wọ fìlà dúdú! Ìwọ obìnrin yẹn!"

Ameenat gbójú sókè. "Orúkọ ta lẹ ń pè, sà?"

Olóyè la ẹnu. Ó wá orúkọ kan, ẹyọ kan ṣoṣo, láàárín gbogbo àwọn tó ti ń ṣàkóso láti ọdún gbọọrọ. Kò rí i. Wọ́n jókòó níwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì ní ọjọ́sí, wọ́n pe orúkọ ara wọn, kò sì sí èyí tó wọ̀ ọ́ létí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀ tó lè fi pè wọ́n, kò sì jẹ́ pè é láti orí igi.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, jẹ́jẹ́.

Ádámù ló gbé àkàbà wá. Wahab dì í mú nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ Olóyè kan ilẹ̀, kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé àkàbà wọn, wọ́n sì padà sídìí iná.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ Olóyè níṣẹ́. Páákà ní òun kò mọ nǹkan kan, wọ́n fún òun láyè ni. Wọ́n gbé òun náà kúrò. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ bẹ̀rù Kọ́nẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ owó oṣù sílẹ̀ ná. Olúṣínà ń kí ọ̀gá tuntun pé òòrùn àtijọ́ kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Wahab kò pe Ádámù ní màlúù mọ́. Ó kéré tán, kì í pè é létí rẹ̀. Ameenat kò sì yí ohùn padà. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, ẹni tó bá fi orúkọ yẹn pè é, kì í dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Olóyè ń fẹsẹ̀ rìn kọjá ní ìkòríta Dópẹ̀mú, nítorí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ti bá ilé iṣẹ́ lọ. Ó gbọ́ ẹ̀rín kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì mọ̀ ọ́n kó tó rí àwọn tó ń rín in. Suara, Wahab àti Ádámù ni, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì elépo bẹntiróòlù kan, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun.

"Ọ̀bọ, jẹ eléyìí."

"Ọ̀bọ bíi tiyín, eyín mi ti rẹ̀!"

Àdáwà ti ń pa Olóyè nílé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́ níṣẹ́. Ó sún mọ́ wọn, ẹnu rẹ̀ ti là díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n rí i. Ẹ̀rín dúró. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde. Suara ṣí fìlà.

"Ẹ káàsán, sà. Ara le, sà? Ìyàwó ńkọ́, sà?"

Wahab fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì. Ádámù mú èyí tó dára jù nínú àgbàdo náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ jókòó, sà."

Olóyè jókòó. Àwọn kò jókòó. Wọ́n dúró yí i ká, ọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń dúró kó jẹun tán, òun nìkan lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ rẹ̀.